Gbólóhùn Tí A Ò Jẹ́ Kí Margery Parí

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ìlà kan nínú eré àtijọ́ fi ń yọ mí lẹ́nu. Mo bá ń fọ abọ́, á dé. Mo bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì, á dé. Ìlà náà ò gùn, kò tilẹ̀ parí. Obìnrin kan ló la ẹnu, ó ní: "Irọ́ ni o, ẹ ò ní ba Ọ̀gbẹ́ni Horner lórúkọ jẹ́, torí mo mọ̀ dájú pé—" Ibẹ̀ ni wọ́n ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi gan-an wà lára àwọn tó já a gbà.

Àwa méje la máa ń pàdé ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham ní London, ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù. A ó pín ipa inú eré kan láàárín ara wa, a ó máa kà á sókè, ibi tó bá sì dùn mọ́ wa, a ó tú u sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, The Country Wife tí William Wycherley kọ ló kàn. Ẹnì kan tú àkọlé náà sí "Ìyàwó Ará Oko," gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, torí èébú "ará oko" tí wọ́n ń bú ní Ìbàdàn náà ni wọ́n ń bú ní London lọ́dún 1675. Margery, ìyàwó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, bọ́ sọ́wọ́ Àǹtí kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Wọn ò kọ̀ ọ́. Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n tún di ọmọge." Èmi gba Squeamish, ipa kékeré tí ò ní wàhálà nínú. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

## Ọ̀nà tí irọ́ ń gbà jáde

N ò ní pa ìtàn eré náà láti orí dé ìdí. Horner ti ilẹ̀ Faransé dé, ó sì bá dókítà kan tó ń jẹ́ Quack mulẹ̀ pé kó tàn án kálẹ̀ pé àwọn tó wo àrùn tóun kó lára obìnrin sàn lọ́hùn-ún ti sọ òun di akúra. Àwọn ọkọ tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó wọn nítorí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń fọwọ́ ara wọn fà wọ́n wá bá a. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ààfin Ọ̀yọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń gba ìwẹ̀fà láàyè láàárín àwọn olorì. Irú ààyè yẹn ni Horner ń wá, àmọ́ kò fẹ́ san ohun tí ìwẹ̀fà san kó tó dé ibẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ète náà ti pẹ́ láyé. Terence, ará Róòmù, ti lò ó nínú eré kan kí wọ́n tó bí Jésù. Ohun tó jẹ́ ti Wycherley ni bó ṣe mọ ìlú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, Horner ń bi Quack bóyá ó ti sọ ọ́ fáwọn agbẹ̀bí, fáwọn ọmọbìnrin tó ń ta ọsàn nínú ilé eré, fáwọn ọkọ ìyàwó àárín ìlú. Ó ní àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n máa yára gbé e kiri jù. Àǹtí pa ìwé dé nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ní, "Wọ́n ti mọ̀ wá tipẹ́!" Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún ká tó lè tẹ̀ síwájú.

Ẹ wo òwò tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Horner ta orúkọ, ó fi ra ààyè. Gbogbo ọkùnrin ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì bìkítà. Lady Fidget, ọ̀kan lára àwọn ìyàwó náà, ní tirẹ̀ kò ní ta orúkọ rẹ̀ ní iyekíye. "Iyì mi" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fi búra, ó ń fi kíni, ó ń fi dágbére. Nígbà tí Horner sọ àṣírí náà fún un pé ara òun dá ṣáṣá, ohun tó wú u lórí ni pé ọkùnrin lè fara mọ́ ìtìjú tó tó bẹ́ẹ̀ nítorí iyì obìnrin. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà rárá. Ìyẹn ló ń pani lẹ́rìn-ín.

## Tánńganran

Mo mọ̀ pé ibi tí gbogbo ayé mọ̀ nínú eré yìí ni ìran tánńganran, ní apá kẹrin. Èmi náà ò lè fò ó.

Lady Fidget ti sọ nílé pé òun ń lọ ra àwo tánńganran. Ọkọ rẹ̀, Sir Jasper, ọkùnrin tí iṣẹ́ ìjọba ò jẹ́ kó ráyè fún ìyàwó, wọlé bá a nílé Horner níbi tí ìyàwó ti dì mọ́ Horner gbágbá. Kíá, Lady Fidget ní òun kàn ń fọwọ́ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wò ó bóyá ó máa rẹ́rìn-ín ni. Tánńganran wá dà? Ó ní Horner fúnra rẹ̀ ní èyí tó dáa nílé, àmọ́ ó ń háwọ́, òun máa wọlé lọ mú u. Ó wọ yàrá inú, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Horner ṣe bí ẹni tínú ń bí, ó ní òun máa gba ilẹ̀kùn kejì wọlé lọ gba ẹrù òun. Sir Jasper dúró síta, ó ń pariwo fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ó ń gba ẹ̀yìn bọ̀ wá bá ọ o!" Ìyàwó fèsì láti inú yàrá: "Kó máa bọ̀, ọ̀nà tó bá wù ú ni kó gbà." Ọkọ rẹ́rìn-ín títí. Ní gbogbo àkókò yìí, Quack wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń wò wọ́n.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Lady Fidget jáde pẹ̀lú àwo kan lọ́wọ́. Ó ní òun ti ṣe làálàá kóun tó rí i gbà. Squeamish, èmi nìyẹn, wá fárígá: èmi náà fẹ́ tánńganran, ẹ ò lè fún ẹlòmíràn kẹ́ ẹ má fún mi. Horner ní òun fi iyì òun búra, kò kù sí òun lọ́wọ́ mọ́ báyìí, obìnrin yìí ló gba èyí tó kẹ́yìn. Lady Fidget bá jẹ́rìí sí i: "Bẹ́ẹ̀ ni o, mo mọ̀ dájú pé kò kù sí i lọ́wọ́ mọ́."

Kò sí ọ̀rọ̀ àlùfààṣá kan nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ lè kà á síwájú ọmọdé. Àwo ni wọ́n ń sọ. Sir Jasper gbọ́ àwo, ìyá àgbà Squeamish gbọ́ àwo. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́, àmọ́ ọmọdé ibí yìí ti hu irùngbọ̀n, ó sì ń bá àwọn aláṣẹ ìlú jókòó.

Ẹ tún fi ọkàn wo ilé eré tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Drury Lane ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́ tán lọ́dún 1674 lẹ́yìn tí iná ti jó èyí àtijọ́. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣeré. Àbẹ́là ń jó lórí ìtàgé, ó ń jó lórí àwọn òǹwòran náà, kò sí òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni lè sá sí bíi ti sinimá òde òní. Bí obìnrin kan bá rẹ́rìn-ín sí tánńganran, gbogbo ilé rí i pé ó yé e. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á béèrè pé kí ló dé tójú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn wọ ìbòjú wá, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ojú ń tì wọ́n tàbí wọ́n ń gbádùn ara wọn. Ní ìparí ọdún 1676, nínú The Plain Dealer, eré rẹ̀ mìíràn, Wycherley gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Olivia jáde, tó ń ṣépè fún ìran tánńganran yìí gan-an. Ó ní eré yẹn ti ba tánńganran lórúkọ jẹ́, pé òun ti fọ́ gbogbo èyí tóun ní. Olivia yìí kan náà ni ọ̀dàlẹ̀ tó burú jù nínú eré tuntun náà. Mo fẹ́ràn òǹkọ̀wé tó lè gbẹ̀san báyẹn láìbínú.

## Ọ̀bẹ kékeré

Ọ̀rọ̀ Margery ló ń dùn mí, ẹ jẹ́ n padà sórí ẹ̀.

Pinchwife, ọkọ rẹ̀, fẹ́ ẹ láti oko torí ó gbà pé ẹni tí ò mọ nǹkan kan ò lè ṣe nǹkan kan. Ó mú un lọ wo eré, ó sì fi í pamọ́ sí àyè onísílè kan àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, kí àwọn ọkùnrin ìlú má bàa rí i. Wọ́n rí i. Ó wá délé, ó ń kìlọ̀ fún un pé oníṣekúṣe kan rí i níbẹ̀ tó ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú Margery dùn, ó ní ta ni? Títí di ìṣẹ́jú yẹn kò mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọ̀nà hàn án. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti òkè délẹ̀: ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ ọkùnrin kí Horner má bàa dá a mọ̀, Horner sì fẹnu kò ó lẹ́nu lójú ọkọ, ó tún di ọsàn fún un lọ sílé.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà. Pinchwife jókòó tì í, ó ní kó kọ ọ́ sí Horner pé òun kórìíra rẹ̀. Margery ń lọ́ra. Ọkọ fa ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ́ gègé yọ, ó ní bí kò bá kọ ohun tóun ní kó kọ, òun máa fi ọ̀bẹ yìí kọ "aṣẹ́wó" sí i lójú.

A ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti wákàtí kan sẹ́yìn. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ohùn Àǹtí wálẹ̀. Wọ́n ka ìdáhùn Margery bí ẹni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú yàrá ìgbẹ̀bí, láàárín òru, kì í ṣe nínú ìwé. Ẹni tó ń ka Pinchwife gbé ìwé sórí itan, ó mu omi. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ìgbà tí Margery pààrọ̀ lẹ́tà náà sí lẹ́tà ìfẹ́, tí Pinchwife fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ fún Horner, la tó tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé ọ̀bẹ yẹn la fẹ́ fi gbàgbé.

## Gbólóhùn kan, ẹnu méjì

Ní ìparí eré, gbogbo wọn kó ara wọn jọ sílé Horner. Margery wà nínú yàrá, ọkọ rẹ̀ ló tún mú un wá, ó rò pé Alithea àbúrò òun lòún mú lọ́wọ́. Kí Margery má bàa tú fó, Horner ti fẹ̀sùn náà bo Alithea lórí. Alithea ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀, kò tiẹ̀ parọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, Harcourt tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ nìkan ló gbà á gbọ́. Mo rántí pé títí dé ibẹ̀ la ṣì fẹ́ràn Horner.

Margery wá jáde. Wọ́n pe Quack kó wá jẹ́rìí, ó sì ní akúra ni Horner. Obìnrin yìí, tó ti oko wá, tó rò pé wọ́n ń bú olólùfẹ́ òun, fẹ́ gbà á sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀wà rẹ̀: orúkọ Horner ló ń jà fún, òun nìkan ló sì kà á sí orúkọ tó yẹ ní jíjà fún. "Ẹ ò ní ba Ọ̀gbẹ́ni Horner lórúkọ jẹ́, torí mo mọ̀ dájú pé—"

Lucy, ìránṣẹ́bìnrin, ní, "Áà, ẹ dúró!" Squeamish ní, "Ẹ pa á lẹ́nu mọ́!"

Nínú ìwé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Squeamish yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ sétí Lucy. Èmi ò yọ́ ọ sọ. Mo ké e. Mo tiẹ̀ na ọwọ́. Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Àǹtí gbójú sókè wò mí lórí gíláàsì, wọ́n ní, "N ò tíì parí." Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Wọn ò bá wa rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo padà ṣí ìwé, tí mo rí ohun tó kó oorun lọ lójú mi. "Mo mọ̀ dájú" tí Margery sọ, Lady Fidget ti sọ ọ́ ṣáájú, níbi tánńganran. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Wycherley fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan ò yàtọ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì mọ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà mọ̀ ọ́n. Tẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọrí ìkòkò, a pàtẹ́wọ́ fún un. Tẹni kejì fẹ́ ṣí ìkòkò, a ní kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Àwọn tó ń kọ ìwé lórí eré ẹ̀fẹ̀ máa ń sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú àṣírí àwọn alágàbàgebè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wycherley ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Wọn ò mú Horner, wọn ò mú Lady Fidget. Òun gan-an ló tún dá dúró níkẹyìn, lẹ́yìn tí eré parí, tó ń bá àwọn ọkùnrin inú ilé eré wí nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére. Òṣèrébìnrin Elizabeth Knepp ló ṣe é lọ́dún 1675. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jẹ́ ti Lady Fidget, Margery ò sì rí gbólóhùn kan parí. Àwa tó jókòó la fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. A ti wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú Quack láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí Margery bá sọ̀rọ̀ tán, eré tiwa náà tán nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ tán, Lucy ro àwáwí kan sílẹ̀ fún un. Margery sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ kóun tún parọ́ sí i, ó dáa. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Orúkọ tó máa ń pe ọkọ náà ni "bud." Àǹtí ti pinnu láti àárọ̀ pé "olówó orí mi" làwọn máa fi tú u. "Bẹ́ẹ̀ ni, olówó orí mi," ni wọ́n kà. Pinchwife fèsì pé nítorí ara òun, ó wu òun kóun gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ó mọ̀. Ó yàn láti má mọ̀ ni. Wọ́n lu ìlù, wọ́n jó, Margery sì bá a lọ sílé, níbi tí ọ̀bẹ gègé yẹn wà. Èmi tí mo ké "Ẹ pa á lẹ́nu mọ́" ni mo sìn ín débẹ̀.

## Ọdún 171

Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí bí ayé ṣe ṣe eré yìí. Lẹ́yìn ọdún 1753 wọn ò fi í sórí ìtàgé mọ́ bí Wycherley ṣe kọ ọ́. Lọ́dún 1766 òṣèré kan, David Garrick, tún un kọ, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó yọ Horner dànù pátápátá. Macaulay, òpìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní eré Wycherley dà bí ẹranko kan tó ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọdẹ ò fi lè sún mọ́ ọn. Ọdún 1924 ni wọ́n tó tún ṣe é. Ọdún 171 ni gbogbo ìlú fi bá Squeamish ní kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́.

Àbí ẹ mọ bí ayé Wycherley fúnra rẹ̀ ṣe rí? Ó fẹ́ opó ọlọ́lá kan, Countess ti Drogheda, obìnrin tó ń jowú gidi. Ìtàn sọ pé bó bá fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mutí ní ilé ọtí tó dojú kọ ilé wọn ní Bow Street, dandan ni kó ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ìyàwó lè máa wò ó láti òdìkejì bóyá obìnrin wà níbẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú eré rẹ̀, a ó ní ó ti ṣe é ju.

## Sátidé tó kọjá

Eré mìíràn ló kàn ní Sátidé tó kọjá, àmọ́ Àǹtí mú ìwé ti oṣù tó lọ wá. Wọ́n ní ká tún ojú ìwé kan péré kà. Wọ́n dìde dúró. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo fi ìka tẹ ètè mi.

"Ẹ ò ní ba Ọ̀gbẹ́ni Horner lórúkọ jẹ́, torí mo mọ̀ dájú pé—"

N ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ka Lucy náà ò sọ̀rọ̀. Kẹ́tùrù ń hó nínú kíṣìnnì. Àǹtí wo ìwé, wọ́n fi ìka tọ ìlà kékeré tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà lọ títí dé etí ewé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Kò kọ ọ́," ni wọ́n wí.

Ọ̀rẹ́ mi tó ni ilé ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Wọ́n bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ta ló máa bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn?"